Gbogbo nótì mi ti wà lórí ayélujára: kí ló kù tí mo máa kọ́ wọn?

Olùkọ́bìnrin kan tó ń gbé ní Kubwa, tó sì ń kọ́ni ní yunifásítì kan lágbègbè Àbújá, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Statistics ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, wọ́n sì ju 300 lọ. Láti sáà tó kọjá ni wọ́n ti pàṣẹ fún wa pé kí gbogbo kọ́ọ̀sì bọ́ sórí Moodle, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ni lórí ayélujára. Mo ṣe é tọkàntọkàn. Mo gbé nótì àti sláìdì mi síbẹ̀ látòkè délẹ̀, mo sì ṣe fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi ní wákàtí méjì méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò wá sí kíláàsì mọ́. Tẹ́ẹ̀sì orí ayélujára, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo máàkì rẹ̀ tán. Nígbà tí a wá ṣe ìdánwò nínú gbọ̀ngàn, èyí tó ju ìdajì lọ ló fìdí rẹmi. Olórí ẹ̀ka wa ní iṣẹ́ wa ti fúyẹ́ báyìí, ó sì fi kọ́ọ̀sì kan kún tèmi. Ṣé kí n padà sídìí pátákó mi ni? Àbí iṣẹ́ olùkọ́ ló ń parí lọ tí a ò mọ̀?"

Àbúrò mi, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo gbọ́ nínú ìwé yín, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí oògùn wọn ò jọra. Èkíní ni pé ẹ ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe, síbẹ̀ ìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ sílẹ̀. Èkejì, tó jọ pé òun ló ń dùn yín jù, ni pé nígbà tí nótì ti wà níbẹ̀, tí fídíò wà níbẹ̀, tí kọ̀ǹpútà sì ń máàkì tẹ́ẹ̀sì, ẹ ò rí ibi tí ẹ̀yin fúnra yín dúró sí mọ́. Màá sọ èrò mi láìfepobọyọ̀. Iṣẹ́ yín ò parí, kò sì fúyẹ́. Ṣe ló ṣí kúrò níbi tó wà. Tẹ́lẹ̀, wákàtí méjì tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ níwájú wọn ni gbogbo ayé ń kà sí iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá bọ́ sórí ayélujára, púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà á lọ sí iwájú àti ẹ̀yìn wákàtí yẹn: sínú ohun tí ẹ ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín, àti sínú èsì tí ẹ fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é. Nótì nìkan ni ẹ gbé lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ yòókù ò tíì tẹ̀lé e.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló rí bẹ́ẹ̀ fún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́kọ́ mọ ìkẹ́kọ̀ọ́ orí ayélujára ní ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Kẹta nítorí àrùn kòrónà. Àwọn yunifásítì aládàáni kan sáré bọ́ sórí Zoom. Ní ti àwọn tìjọba, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì títí di oṣù Kejìlá ọdún náà. Ètò pàjáwìrì ni ohun tí a rí nígbà yẹn. Olùkọ́ jókòó síwájú kámẹ́rà, ó sọ ohun tí ì bá sọ nínú gbọ̀ngàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì pa kámẹ́rà tiwọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ aláṣẹ ti gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ẹnu olùkọ́ àti ìwé rẹ̀ la kàn máa gbé sórí ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀, kíkọ́ ẹni tí kò sí níwájú ẹni ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Láti 1858 ni Yunifásítì London ti ń gba àwọn tí kò gbé ọ̀dọ̀ wọn láyè láti ṣe ìdánwò oyè wọn. Ọdún 1969 ni wọ́n dá Open University sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nàìjíríà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ó tún padà bẹ̀rẹ̀ nígbà ìjọba Ọbásanjọ́. Òun ni NOUN tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jabi lónìí. Bí ẹ bá rí ìwé kọ́ọ̀sì NOUN kan, ẹ ṣí i wò. Ó ń sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa lè ṣe tó bá parí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ó pín ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, ó máa ń dá ẹni tó ń kà á dúró láàárín kó lè bi í ní ìbéèrè, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe fún máàkì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Mi ò sọ pé gbogbo ìwé náà ló dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣètò wọn mọ̀ pé ìwé tí olùkọ́ máa dúró tì láti ṣàlàyé yàtọ̀ sí ìwé tí ẹnì kan máa dá kà nínú yàrá rẹ̀ lóru. Sláìdì yín, ẹnu yín ni ẹ ṣe é fún. Ìgbà tí ẹ yọ ẹnu kúrò lára rẹ̀, orí ọ̀rọ̀ lásán ló ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí wọn ò fi wá sí kíláàsì. Mi ò rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Mararaba tàbí Zuba lè wọ ọkọ̀ méjì kó tó dé ọgbà, owó ọkọ̀ sì ti gorí ara wọn látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ó ń ṣírò ni. Kí ló ń wá gbà ní kíláàsì tẹ́lẹ̀? Nótì ni, àti kí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ pé ó wá. Ọjọ́ tí nótì bá ti wà nínú fóònù rẹ̀, kò sí ohun tó ń fà á jáde nílé mọ́, àfi tí nǹkan kan bá ń ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn tí fóònù ò lè fún un. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká olùkọ́ lára, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Nínú gbọ̀ngàn tí ènìyàn 300 há sí, tí máíkì ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kò ṣiṣẹ́ lọ́la, àpèkọ ló rọrùn jù lọ láti ṣe, òun náà la sì fi kọ́ àwa fúnra wa.

Ní ti ìmọ̀ tó lọ sílẹ̀, ohun tí mo ti rí láti ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tèmi bá ohun tí àwọn onímọ̀ rí mu: kíkà àti gbígbọ́ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó wo fídíò yín lẹ́ẹ̀mejì á rò pé òun ti mọ ẹ̀kọ́ náà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ni kò ṣàjèjì sí i létí mọ́. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Yunifásítì Washington ní St. Louis fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kà. Àwọn kan tún un kà. Àwọn kan pa á dé, wọ́n sì gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí nínú rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa á dé ló borí wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ò ṣe ju àtúnkà lọ, bóyá ni wọ́n sì fi gbogbo ara ṣe ìyẹn pàápàá, nítorí ta ni yóò jókòó ti fídíò wákàtí méjì lórí fóònù? Philip Guo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù 6 tí àwọn ènìyàn wo fídíò lórí edX, ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ kan lórí ayélujára, wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014: fídíò tí kò ju ìṣẹ́jú 6 lọ ni wọ́n ń wò dé òpin jù. Ẹ má sọ ọ́ di òfin o. Àwọn tó wà lórí edX, ìfẹ́ inú wọn ló gbé wọn débẹ̀, wọn ò bẹ̀rù carry-over, ìyẹn títún kọ́ọ̀sì tí wọ́n fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni gígé fídíò sí wẹ́wẹ́ nìkan ò kọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tó wà láàárín ègé kan àti èkejì ló ń kọ́ni.

Moodle tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ yìí, Martin Dougiamas ló ṣe é ní Perth, lórílẹ̀-èdè Australia, ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jáde ní 2002. Èrò tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn ènìyàn bá jọ ń ṣe nǹkan, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jíròrò lórí rẹ̀, ni wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìdí nìyẹn tí ibi ìjíròrò fi wà nínú rẹ̀, tí ìdánrawò tó ń dáni lóhùn wà níbẹ̀, tí ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi yẹ iṣẹ́ akẹgbẹ́ rẹ̀ wò náà wà níbẹ̀. Tí a bá wá sọ ọ́ di ibi tí a ń kó nótì sí nìkan, a dà bí ẹni tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ tó wá ń gbé àtùpà lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú standard deviation, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ti máa ń kọsẹ̀. Bí a ṣe sábà máa ń ṣe é ni pé a ó kọ fọ́múlà, a ó ṣe àpẹẹrẹ méjì, wọ́n á dà á kọ. Ohun tí mo máa gbà yín nímọ̀ràn rèé. Ní ọjọ́ mélòó kan kí kíláàsì tó dé, ẹ fi ìṣẹ́jú 7 tàbí 8 sọ ohun tó jẹ́, pé ó ń sọ bí àwọn iye ṣe fọ́n ká jìnnà sí àròpín wọn tó. Ẹ má tíì kọ fọ́múlà. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè 5 lórí Moodle, kó má jẹ́ "kí ni ìtumọ̀ rẹ̀". Ẹ kọ iye owó tòmátì ní ọjà méjì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjà àkọ́kọ́, ó wọ́n, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní ọjà kejì, kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ sókè sódò lójoojúmọ́. Èwo ni standard deviation rẹ̀ pọ̀ jù? Kí wọ́n dáhùn láìṣe ìṣirò kankan. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tí kò tọ̀nà á ní èsì tirẹ̀ tí ẹ ti kọ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó mú ọjà tó wọ́n, ohun tó máa rí lójú fóònù rẹ̀ ni pé bí iye ṣe tóbi tó ló wò, kò wo bó ṣe fọ́n ká. Iṣẹ́ ńlá ni kíkọ èsì bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò tíì kọ́ statistics fún ọ̀pọ̀ ọdún bíi tiyín ò sì lè kọ ọ́, nítorí kò mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà ṣìnà níbẹ̀. Ibi tí ìrírí yín ti wúlò nìyẹn, kò sí ẹ̀rọ tó gbà á lọ́wọ́ yín.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kíláàsì, ẹ ṣí àbájáde ìdánrawò náà. Tí ẹ bá rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ló gba ìbéèrè kẹta sódì, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Pátákó ò lè sọ èyí fún yín. A máa ń bi àwọn ènìyàn 300 pé "ṣé ó yé yín?", wọ́n á sì fi ohùn kan dáhùn pé ó yé wọn, a ó sì tẹ̀ síwájú. Nínú gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ wàyí, kí wọ́n mú iye owó ọjà tí wọ́n fúnra wọn lọ béèrè wá, ẹni tó ń gbé ní Nyanya láti Nyanya, ẹni tó ń gbé ní Lugbe láti Lugbe: gàrí, ìrẹsì, ohun tó bá wà. Kí àwọn márùn-ún márùn-ún jọ ṣírò rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọjà tí ẹni tó ń gbà owó oṣù lè fọkàn tán. Ẹ ó rí i bí ariwo ṣe máa pọ̀ tó, ariwo tó dára sì ni. Láti 1991 ni Eric Mazur ní Harvard ti ń lo ọ̀nà kan tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú kíláàsì ńlá: ó bi wọ́n ní ìbéèrè, kálukú mú ìdáhùn tirẹ̀, wọ́n bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn jiyàn, wọ́n tún ìdáhùn mú lẹ́ẹ̀kejì. Kò gba dátà, kò gba iná mànàmáná. Ìwé pélébé aláwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n máa nà sókè ti tó. Kíláàsì bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ méjì wá.

Wọ́n máa ráhùn o, kí ẹ má bàa rò pé ẹ ti ṣe ohun tí kò dára. Wọ́n á ní ẹ ò kọ́ wọn mọ́, pé àwọn fúnra wọn lẹ fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ní 2019, Louis Deslauriers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fíṣíìsì: àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì ló mọ̀ jù nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ṣùgbọ́n lójú ara wọn, wọ́n rò pé àwọn ò kọ́ tó àwọn tó jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó yọ̀ mọ̀rànìn. Nítorí náà, ẹ sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé ó máa le, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí tẹ́ẹ̀sì, níbi tí ìwé yín ti fi hàn pé wọ́n tàn yín. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 300 bá ń dáhùn ìbéèrè kan náà lórí fóònù nínú ilé wọn, ìdáhùn á ti wà lórí WhatsApp kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Ohun tí Moodle lè ṣe sí i nìyí: ẹ lè kó ìbéèrè jọ kó máa fún kálukú ní tirẹ̀, ó sì ní irú ìbéèrè ìṣirò kan tó ń yí iye inú rẹ̀ padà fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó wúlò gan-an fún kọ́ọ̀sì yín. Ó máa dín ẹ̀dà kíkọ kù. Kò ní pa á. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ẹni tó ní fóònù lè rí ìdáhùn sí ọ̀pọ̀ ìbéèrè statistics ọdún kejì láìbi ẹnikẹ́ni. Kò sí tẹ́ẹ̀sì orí ayélujára tí a ò dúró tì tó lè fi dá wa lójú ẹni tó ṣe é. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń dábàá pé kí kámẹ́rà fóònù máa ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìdánwò. Mi ò fara mọ́ ọn. Dátà tó máa jẹ pọ̀, iná lè lọ ní àárín rẹ̀ kí a sì pe aláìṣẹ̀ ní olè, àwòrán inú yàrá ọmọ ọlọ́mọ sì jẹ́ ohun tí òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ní kí a ṣọ́ra fún. Ohun tí mo gbà ni pé kí ẹ sọ tẹ́ẹ̀sì orí ayélujára di ìdánrawò pọ́ńbélé. Ẹ fún un ní máàkì kékeré, bíi 5 nínú 100, kí wọ́n lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta bí wọ́n bá fẹ́. Máàkì tó ń pinnu nǹkan, ẹ gbé e sínú gbọ̀ngàn, pẹ̀lú bébà àti bírò. Ìdánwò ẹnu ló dára jù, ṣùgbọ́n ẹni kan ò lè ṣe é fún ènìyàn 300. Ẹ lè mú díẹ̀ nínú wọn láìsọ ẹni tó máa kàn, kí wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ìbẹ̀rù pé ó lè kan àwọn náà á mú kí àwọn yòókù mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

Lórí dátà àti iná, ohun tó wà lọ́wọ́ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Fídíò tó ń lọ ní megabit kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa jẹ nǹkan bí 450 megabyte ní wákàtí kan, ẹ̀yin sì ń ṣe wákàtí méjì. Ohùn nìkan, tí a dín ìwọ̀n rẹ̀ kù sí 32 kilobit, kò ju megabyte 15 lọ fún odindi wákàtí kan. Ìyàtọ̀ yẹn ni oúnjẹ alẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, pàápàá látìgbà tí NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Nítorí náà, ohùn àti àwòrán mélòó kan nínú PDF tó fúyẹ́. Kí fídíò wà fún ibi tí ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan lójú wọn. Áàpù Moodle orí fóònù lè gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ọgbà, kí wọ́n wá ṣí i nílé láìsí dátà, bí ẹni tó ń bójú tó o ní yunifásítì yín bá ti ṣí ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní àríwá níbí, mo ti rí àǹfààní tí mi ò tètè rí níbòmíràn. Àwọn ọmọbìnrin kan wà tí wọn ò ní nawọ́ sókè láéláé nínú gbọ̀ngàn tó kún fún ọkùnrin, tó jẹ́ pé orí ibi ìjíròrò ni mo ti mọ̀ pé àwọn gan-an ló ń ronú jinlẹ̀ jù nínú kíláàsì. Àwọn ìyá ọlọ́mọ wà ní Zaria àti Kano tí wọ́n ń kàwé lẹ́yìn tí ilé bá ti sùn. Lẹ́yìn tí wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kaduna ní oṣù Kẹta ọdún 2022, mo mọ àwọn olùkọ́ tí ìdílé wọn ò fẹ́ kí wọ́n gba ọ̀nà yẹn mọ́, orí ayélujára ni wọ́n sì fi parí kọ́ọ̀sì wọn. Ẹ rántí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kí ẹ tó sọ pé ẹ máa ti ilẹ̀kùn gbogbo rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ibi ìjíròrò ò lè dá rìn. Tí ẹ bá kọ "ẹ sọ èrò yín" síbẹ̀ tí ẹ bá tiyín lọ, á gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí i pé ẹ ń ka ohun tí wọ́n kọ.

Ní ti olórí ẹ̀ka yín, mo bọ̀wọ̀ fún ipò wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn ò tọ̀nà. Kíkọ ìbéèrè pẹ̀lú èsì, gbígba ohùn sílẹ̀, kíka àbájáde lálẹ́, dídáhùn sí ìjíròrò, gbogbo rẹ̀ gba àkókò ju kí a wọ gbọ̀ngàn ká sì sọ̀rọ̀ lọ, pàápàá ní sáà àkọ́kọ́. Ní sáà kejì, ìbéèrè ti wà nílẹ̀, ó máa ń rọjú díẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí rẹ̀, kí ẹ mú un tọ̀ wọ́n lọ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì tọrọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tàbí méjì tó ti gboyè àkọ́kọ́ tó sì ń kàwé lọ, tó máa ràn yín lọ́wọ́. Mi ò lè ṣe ìlérí pé wọ́n á gbà. Bí wọn ò bá gbà, ẹ dín ohun tí ẹ ń ṣe kù kó má bàa rẹ̀ yín jù: ìdánrawò kan lọ́sẹ̀, àti ohùn ìṣẹ́jú 5 tó dáhùn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, dípò kí ẹ máa dá kálukú lóhùn. Ẹ sọ aago tí ẹ kì í dáhùn WhatsApp mọ́. Ẹ sì béèrè ní àkọsílẹ̀ ẹni tó ni fídíò yín, àti bóyá wọ́n lè máa lò ó lọ lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbẹ̀.

Bóyá iṣẹ́ olùkọ́ ń parí lọ ńkọ́? Ní 2011, Sebastian Thrun àti Peter Norvig ṣí kọ́ọ̀sì Stanford kan lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan bí 160,000 ènìyàn ló forúkọ sílẹ̀, nǹkan bí 23,000 ló sì parí rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ orí ayélujára bíi Coursera, Udacity àti edX ti dé, àwọn kan sì ń sọ pé yunifásítì máa kógbá wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó parí irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ jẹ́ àwọn tó lè dá kàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tí ìṣirò ń dẹ́rù bà nílò ẹni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan ti dá a dúró. Ẹ tún wò ó báyìí: NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ti ṣe ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tó jẹ́ pé òun ló ń pèsè ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí gbogbo yunifásítì ń kọ́. Nótì standard deviation tó wà ní Zaria ò lè fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Nítorí náà kì í ṣe nótì ni wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ yín.

Ẹ má jù pátákó nù. Nígbà tí a bá ń fa fọ́múlà yọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí bí ọwọ́ ṣe ń dúró, tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un kọ, mi ò tíì rí sláìdì tó tó o. Àpèkọ ni kó kúrò. Ẹ má sì yí kọ́ọ̀sì méjèèjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn ní sáà yìí. Ẹ mú ìwé ìdánwò àwọn tó fìdí rẹmi jáde, kí ẹ wá ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n ti pàdánù máàkì jù, kí ẹ sì kọ oríṣi àṣìṣe tí ẹ rí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí ẹ̀kọ́ mẹ́ta yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ohùn kúkúrú àti ìdánrawò fún. Ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù wà bí wọ́n ṣe wà títí sáà tó ń bọ̀.